Erékùṣù Méjì Tí O Ní Kí A Mú Ọ̀kan

Ọmọ mi àtàtà,

Kọ́kọ́ bá mi forí ji ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rí bí ibi tí adìyẹ ti jà. O mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá lọ́wọ́ mi. Tí mo bá kọ ọ̀kan, màá dúró wò ó bóyá ó jọ ara rẹ̀, kí n tó wá èkejì lọ. Torí náà má kánjú kà á. Bọ́ bàtà rẹ ná, jókòó, mu omi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kà lórí ìdúró.

Mo kí ọ, ìyá mi. Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí yàrá rẹ tí o ní ó kéré débi pé orí bẹ́ẹ̀dì lo ti ń na ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ọlọ́run á sọ ọ́ di èyí tí wàá máa wá ara rẹ nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti fara hàn? Kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé gogoro yẹn. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, kó máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú bá a. Ohun tí o bá jẹ á ṣe ọ́ lóore. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti bá ọ ṣe àmín sí, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè má jẹ́ kí o ráyè ṣe é.

Ilé wà dáadáa. Òrùlé tó ń jò lápá ibi tí o máa ń sùn tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́, ọkọ mi ló gùn ún, ó fi rọ́bà táyà dí i. Wò ó, mo ti kọ ọ́: ọkọ mi. Mo fi ọwọ́ bo ibẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán, bíi pé ẹnì kan ń yọjú wò mí láti ẹ̀yìn. Ojú ṣì ń tì mí, ọmọ mi. Obìnrin tó ti bí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ojú ṣì máa tì í bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kúrò nílé ìyá rẹ̀! "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ó bẹ̀ mí pé kí n máa pe òun ní "ìwọ", pé tí mo bá ti ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba omi, ńṣe ló máa ń dà bíi pé òun wá kó aṣọ nílé ìfọṣọ. Mo ń gbìyànjú. Láàárọ̀ àná mo la ẹnu, mo ní ìwọ, ẹ káàárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nínú lẹ́tà yìí, "ó" ni màá máa pè é, kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, bóyá ẹnu á tẹ̀ lé e.

Níbi iṣẹ́ ìfọṣọ mi, Ọ̀gá ra áyọ́ọ̀nù tuntun kan tó máa ń pa ara rẹ̀ tó bá ti rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Mò ń bá a ṣe jẹ́jẹ́. Tí mo bá dúró díẹ̀ láti tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe, màá sọ fún un pé mo wà níbí o, mi ò tíì lọ, síbẹ̀ náà á pa ara rẹ̀. Mo rò pé ẹni tó ṣe áyọ́ọ̀nù yẹn ti rí ìjákulẹ̀ láyé rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù kan ṣoṣo ló kù nílé báyìí, tèmi ti bá aṣọ àwọn oníbàárà wọ inú omi ọṣẹ, ó sì mọ́ dáadáa nígbà tí mo yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ti ọkọ mi tó ṣẹ́ kù, orí sípíkà la máa ń gbé e sí. Tí o bá ní ẹ ǹlẹ́ o màmá, gbogbo ilé kejì ló ń bá mi dáhùn. Mo bi obìnrin tó ń ta fóònù bóyá fóònù lè gbàgbé ohun tí mo bá sọ sí i. Ó ní rárá, ìyá, fóònù kì í gbàgbé nǹkan kan. Mo ní háà, ìwé ló dára. Ìwé máa ń panu mọ́ títí wọ́n á fi ṣí i. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, èmi wà ní yàrá, mo ti ilẹ̀kùn bí olè.

Ó yá, ọ̀rọ̀ erékùṣù. Ọmọ mi, o ṣeun, o kú ìnáwó. Kò sí ẹni tó fún mi ní irú ẹ̀bùn ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó kù gbé ìkòkò àti ìbora wá, ìwọ ní kí èmi àti ọkọ mi wá bá ọ mòòkùn nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, níbi tí ẹja ti ń wọ aṣọ aláràbarà. Láyé mi, ẹnì kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó ń mòòkùn ni olè inú òwe yẹn, tí ọba òkè ń wò. Mi ò mọ̀ pé ọmọlúàbí náà máa ń ṣe é.

Ìwé aláwòrán méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó lọ́wọ́ wa. Mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ mú aṣọ kan nínú méjì. Orúkọ wọn le lẹ́nu mi, torí náà a ti sọ wọ́n ní tiwa: Erékùṣù Ọkọ̀-Rírì àti Erékùṣù Ìjàpá. Méjèèjì ń fi oòrùn yangàn. Wọ́n ní oòrùn ń ràn níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé. Mo ní ṣé oòrùn náà wà lára ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí ni? Èyí tó ń sá aṣọ gbẹ fún wa níbí ńkọ́, tí kò tíì rí ẹni yìn ín?

Ti Ọkọ̀-Rírì, wọ́n ní ọkọ̀ ńlá kan ló rì síbẹ̀ láyé àtijọ́, ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹja ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé jáde bí ẹni tó ń san owó ilé. Omi ibẹ̀ jìn débi pé nínú àwòrán, tọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn ń tàn. Mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn rẹ. Láti ìgbà tí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì yín ti ní kí ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn, tí wọ́n fún ọ ní káàdì, ọkọ̀ yẹn lò ń sọ. O ní àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri níwájú tábìlì rẹ, pé òun lò ń wò tí àwọn oníbàárà bá ń bú ọ torí pé ọkọ̀ òfuurufú wọn pẹ́. O sọ fún wa lórí sípíkà pé ẹ̀yin ni kí ẹ mú èyí tó bá wù yín o, màmá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe ga nígbà tí o dárúkọ ọkọ̀, tó sì wálẹ̀ nígbà tí o dé orí ìjàpá.

Ti Ìjàpá, omi rẹ̀ kò jìn. Ìjàpá omi ló pọ̀ níbẹ̀, àti iyùn. Wọ́n ní iyùn náà wà láàyè, pé ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rí iyùn lọ́rùn èèyàn, mi ò mọ̀ pé ó ti fi ìgbà kan ní ibi tó ń gbé. Wọ́n tún ní ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ẹni tí kò bá fẹ́ mòòkùn á jókòó sínú rẹ̀, á máa wo àwọn tó wà nísàlẹ̀. Gíláàsì, ọmọ mi! Mo ní tí oníbàtà gogoro kan bá wọ ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ wá gbogbo ohun tí ẹ lè fi ṣe ìdí ọkọ̀, gíláàsì lẹ rí.

Mo ti jókòó ti ìwé tí o ní kí a kọ nǹkan sí. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí mo ṣe wúwo tó, mo lọ dúró lórí ìwọ̀n tí a fi ń wọn aṣọ, Ọ̀gá ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé tí òun bá fọ̀ mí, ta ló máa wá gbà mí. Nígbà tí mo wá ka ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀n náà ṣe, mo gbé ìwé náà tọ ọkọ mi lọ. Wọ́n ní àwọn á so òjé mọ́ wa nídìí kí a lè rì. Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó padà wá, ṣé wọ́n máa ń so òjé mọ́ ọn nídìí? Ṣé o dá àwọn èèyàn yìí mọ̀ dáadáa? Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, pé ẹ̀wù kan wà tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bíi túúbù, òun ló ń gbé èèyàn padà sókè. Mo ní ta ló lẹ túúbù náà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Wọ́n tún ní kí a kọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wa. Mo kọ tìrẹ. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ìwọ náà á wà lábẹ́ omi pẹ̀lú wa, fóònù rẹ á wà nínú báàgì létí òkun, á máa dún fún akàn. Mo wá pa á rẹ́, mo kọ ti Ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun kò mọ nǹkan kan nípa òkun, ṣùgbọ́n tó bá dún òun á gbé e. Wọ́n sì béèrè bóyá mo ní ìwé ẹ̀rí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tí mo lọ, ó bá mi kọ ọ́ pé lóòótọ́ ni mo kàwé dé ìwé kẹrin, pé mi ò jalè, mi ò sì ya aláìgbọràn. Mo ti fi í sínú àpò ìwé yìí. Bá mi fún àwọn tó ni òkun.

Má rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń ṣe awáwí. Mo ti ń kọ́ ọ. Ọkọ mi fi túúbù àti gíláàsì ṣe ìbòjú kan fún mi, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo ri ojú sínú táńkì tí a fi ń rẹ aṣọ. Ọ̀gá wọlé, ó bá ìdí mi lókè, ó ní ṣé ìdọ̀tí tó wà lójú ìwọ ni ọṣẹ lásán kò lè bọ́ ni? Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, mo ti wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ jìnnà, ariwo ọjà jìnnà, ohun gbogbo dà bíi pé ó wà ní yàrá kejì. Mo rò ó nínú ara mi pé bóyá bí ayé ṣe rí létí ọ̀tún ọkọ mi nìyí.

Etí yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo ti yí ọ̀rọ̀ ká tó.

O kò bi mí rí bí a ṣe pàdé, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lórí sípíkà. Táyà kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń kó aṣọ jò nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. O mọ̀ pé fọkanáísà ni, Bàbá Afẹ́fẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó yọ túúbù, ó rì í sínú bàsíà omi, ó ní kí n wò ó, ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. O mọ bí ohùn mi ṣe kéré, àwọn èèyàn máa ń ní kí n tún un sọ títí yóò fi sú mi. Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló yí orí, ó tẹ etí òsì sí mi, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ló ń tẹ etí sí mi. Mo ní háà, ìfẹ́ rèé. Ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó tán ló sọ fún mi pé táyà tírélà kan ló bú mọ́ òun létí ọ̀tún láyé ọjọ́un, pé apá ibẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́. Mo ní ṣé etí lásán wá ni gbogbo yẹn? Ó ní rárá, ìfẹ́ náà wà níbẹ̀, ìfẹ́ àti etí ni wọ́n jọ ń rìn.

Nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí dókítà yẹ etí àti àyà wa wò. A lọ. Dókítà ní kí n mí, kí n má mí, kí n tún mí, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ó wá tan iná kékeré sí etí ọ̀tún ọkọ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní ihò ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò dí. Ó ní ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ mòòkùn, pé tí omi tútù bá gba ihò yẹn kọjá, orí rẹ̀ á máa pòòyì, kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, á máa sáré lọ sókè lójú ara rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi òǹtẹ̀ lù ú.

A ń bọ̀ lọ́nà, ọkọ mi dorí kodò. Mo rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́ ni. Nígbà tó di ìdajì ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní dókítà kò mọ iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ní túúbù wo lèèyàn rí tó níhò tó bú rí? Èyí tí kò níhò ló ń bú, torí afẹ́fẹ́ kò rí ibi gbà jáde. Ó ní tí omi bá ń tẹ èèyàn nísàlẹ̀ òkun, etí tèmi tó dí pinpin yìí ló yẹ kí ẹ̀rù máa bà, ti òun ti ní fáàfù. Ọmọ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ó ti lẹ táyà láti ìgbà tí mi ò tíì bí ọ, ẹnu rẹ̀ sì dán létí mi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú dókítà yẹn nígbà tó ń kọ̀wé, kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ó ní ìwé dókítà, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ lójú ọ̀nà, òun á ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ibẹ̀ pé etí dá. Ó ní Ọkọ̀-Rírì ni kí a mú, torí òun lo fẹ́, òun náà gbọ́ ọ lóhùn rẹ. Mo ní kí ló dé tí o, bẹ́ẹ̀ ni, mo ní "o", kí ló dé tí o fẹ́ torí ọkọ̀ tó ti rì kú sómi? Ó ká ìwé dókítà sínú àpò rẹ̀. Ó ní ọmọ mi ti rò pé arúgbó onítáyà kan ni ìyá òun lọ fẹ́, kó má tún wá gbọ́ pé arúgbó náà ti jò. Ó ní ṣùgbọ́n tí òun bá bá ọ dé ìsàlẹ̀ yẹn, tí ẹ bá jọ yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ìwọ àti òun, bóyá tí ẹ bá gòkè wàá ti mọ ohun tí wàá máa pe òun.

Èmi ò bá ọ wí o. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ̀ àárọ̀ lo bá wá, orí ìdúró lo ti jẹun, o ti lọ kí àwọn tó yá wa ní àga tó wá kó wọn. Tí o bá pè, wàá ní ẹ bá mi kí ẹni yẹn. Ẹni yẹn sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní ó ń gbọ́ o, ó ṣeun. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ lo ń rántí. Èmi náà ń rántí rẹ̀. Àga tó máa ń jókòó lé ṣì wà ní ibi tí o mọ̀ ọ́n sí, jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ: ọkùnrin yìí kò jókòó lé e rí. Mi ò sọ fún un pé kó má jókòó níbẹ̀. Ọjọ́ tó kó wọlé, ó wo àga, ó wò mí, ó jáde lọ gbé táyà kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó fi tìmùtìmù sí i lórí, òun ló ń jókòó lé títí di òní. Àwọn àlejò máa ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ní ìjókòó ọ̀gá ni.

Nítorí náà, ìyá mi, mo bẹ̀ ọ́, Erékùṣù Ìjàpá ni kí o bá wa mú. Mo mọ ohun tí mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ. O ti wo àwòrán yẹn lára ògiri pẹ́, o sì ti fara da èébú púpọ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti rì láti ìgbà yẹn, kò síbi tó tún ń lọ, á dúró dè ọ́. Tí a bá lọ sí ti Ìjàpá, ọkọ mi á jókòó sínú ọkọ̀ onígíláàsì, omi kò ní kan etí rẹ̀. Èmi àti ìwọ á wà nísàlẹ̀, òun á dojú bolẹ̀ lókè, á máa wò wá. Ní ti Ọkọ̀-Rírì, tó bá tilẹ̀ gbà láti dúró lókè, kí ló máa rí? Omi dúdú. Á kàn máa retí wa ni, kò sì ní mọ̀ bóyá a wà níbẹ̀. Èmi ti retí bàbá rẹ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò fẹ́ ẹ fún un.

Tí o bá pè, sọ pé ìwọ lo yí ọkàn padà. Sọ pé ìjàpá ló ń wù ọ́, pé ọkọ̀ ti sú ọ. Má dárúkọ etí, má sọ pé mo kọ̀wé. Kó o sì ní òun lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Mi ò ní fi orúkọ sí ọ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ Bàbá Afẹ́fẹ́ náà lo lè pè é, gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, kì í bínú sí i.

Tí ọkàn rẹ kò bá gbà, mi ò ní bínú, a ó bá ọ lọ síbi ọkọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń so òjé mọ́ wa nídìí, èmi máa figbe ta. Màá ní ẹ̀rù ń bà mí, màá di ẹ̀wù rẹ̀ mú níwájú gbogbo èèyàn, màá ní mi ò lè dá wà lókè, kò ní lè já mi sílẹ̀ kó lọ. Èmi tí ojú ń tì láti pe ọkọ mi ní "ìwọ" nínú yàrá, màá ké kí òkun gbọ́. Á dùn mí o, torí mo fẹ́ rí ìsàlẹ̀ omi. Mo fẹ́ rí iyùn níbi tó ń gbé. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè fò mí.

Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, kí n fi ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó dé orúnkún. Èyí tí obìnrin inú ìwé yẹn wọ̀, bí mo ṣe ń wò ó ni mò ń bá a wá ìyókù rẹ̀. Kí n tún fi ra ohun tí dókítà ní kí ọkọ mi máa fi dí etí tó bá ń wẹ̀, òun kò ní rà á, ó ní táyà kì í wọ fìlà. Mi ò ní sọ iye tí o máa fi ránṣẹ́, ohun tí kò bá ní ká ọ lára ni.

Ọlọ́run tó dá omi tó sì dá etí á ṣọ́ ìwọ tí o wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò bá tó ilẹ̀, ọwọ́ á wà tó máa dì ọ́ mú. Wàá rí ẹni tó máa fẹ́ ọ láìjẹ́ kí o pariwo kó tó gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ á

Ó ń pè mí. Ó ní kí n sáré wá sẹ́yìnkùlé, pé òun ti mọ̀ ọ́n ṣe, òun ti ń ri gbogbo orí sínú bàsíà títí dé ọrùn, kí n wá bá òun wò ó bóyá omi ń hó lápá etí. Mo ní mò ń bọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, o ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní kí n sọ fún ọmọ wa pé kó lọ máa múra ọkọ̀ sílẹ̀. Mo tún gbọ́ tí omi dà sílẹ̀. Jọ̀ọ́, ìyá mi, má dúró de ọjọ́ ìsinmi, bí o bá ti ka èyí tán kí o pè, kí ó tó fi etí yẹn wọ òkun, kí ó tó